Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpaná kan ní Arákalẹ̀, àti ohun tí mo rà níbẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ilé wa

Bí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́, tí ẹ sì ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ẹ so mọ́lẹ̀ ní Ìgbókọ̀dá tàbí ibòmíràn ní Ìlàjẹ, ẹ lọ ra ẹ̀rọ ìpaná yín ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ má ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ, mo ti sọ èyí tó ṣe kókó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀ kó jókòó.

Àdúgbò Arákalẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, nínú ọ̀nà tóóró kan, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń ta ọ̀dà. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo fẹ́ bá wọn wí díẹ̀, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìgò ìpaná pupa ni wọ́n tò síta láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ kò lè kọjá kẹ́ ẹ má rí i. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná ló ni ibẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń bá a tajà. Bí ẹ ṣe máa gbádùn ibẹ̀ sí dá lórí èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ bá pàdé.

Alásè ni mí. Ìrẹsì ìgbéyàwó, ẹran díndín, ọbẹ̀ ìsìnkú, èmi ni wọ́n máa ń pè. Iná kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti wà níbi tí ẹnìkan ti da omi sórí òróró tó gbiná nínú agbada, mo sì rí bí òróró náà ṣe fò sókè tó kan ìbòrí. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í gbà kí omi wà nítòsí ibi tí mo bá ti ń dín nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ojú yìí ni mo fi ń wo ọkọ̀ ojú omi ilé ọkọ mi. Àwọn ń rí ọkọ̀ ìgbádùn. Èmi ń rí epo tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ìjókòó, tí ọmọdé wá jókòó lé.

Ọkọ̀ fáíbà ni, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 19 lọ, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà ní ìdí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo méjì, bátìrì kan fún iná àti fún orin (orin kò gbọ́dọ̀ má sí, ẹ mọ àwọn èèyàn wa). A kì í fi í ṣòwò. Bí ọdún Àjíǹde tàbí Kérésì bá dé, a ó wakọ̀ láti Àkúrẹ́ gba Oǹdó, gba Òrè, gba Okìtìpupa dé Ìgbókọ̀dá, ibẹ̀ la ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ omi, ó di Ayétòrò. A ó kí àwọn ará ilé, a ó sun ẹja létí òkun, a ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ni Ayétòrò, òkun sì ti ń gbé e jẹ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a ti máa ń tẹ́ ẹní sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, inú omi ló wà báyìí. Ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ.

Àbúrò ọkọ mi ló máa ń wa ọkọ̀ náà. Akọ̀wé ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìpaná, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Ìyàwó wa, omi ló yí wa ká lọ́tùn-ún lósì. Kí lo fẹ́ fi ìpaná ṣe?"

Gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ kékeré ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn kí n tó padà sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ẹ bá da omi lé e nígbà tó ń jó, yóò léfòó, yóò sì gbé iná náà lọ síbi tí kò tíì dé. Òkun Àtìláńtíìkì lódindi kò lè pa á. Èkejì tún burú ju ìyẹn lọ: kì í ṣe bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ ló ń jó, bí kò ṣe atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀. Atẹ́gùn yìí wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ. Bí epo bá kán lábẹ́ mọ́tò, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, afẹ́fẹ́ á sì gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwo ni ọkọ̀ ojú omi, ohun tó bá kán sínú rẹ̀, inú rẹ̀ ló ń gbé. Atẹ́gùn epo náà á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí ẹ ń tẹ̀, á dúró de ìṣáná. Kò sì dìgbà tí oòrùn bá mú: títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, bẹntiróòlù ṣì ń tú atẹ́gùn tó lè gbiná jáde. Ẹ wá ro ti ọ̀sán gangan ní Ìgbókọ̀dá wò. Wáyà bátìrì tí kò le dáadáa tó ta pàrá lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, lórí odò Kóńgò nítòsí ìlú Mbandaka, iná sọ nínú ọkọ̀ onígi kan tó kún fún èrò. Wọ́n ní obìnrin kan ló ń dáná oúnjẹ nínú rẹ̀. Èèyàn tó lé ní 140 ló bá a lọ. Àárín odò ni wọ́n wà o, omi ló yí wọn ká. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún Akọ̀wé, ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró, torí ó rántí pé èmi náà máa ń gbé gáàsì kékeré dání láti fi se ìrẹsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Arákalẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ló dá mi lóhùn. Mo ní mo fẹ́ ẹ̀rọ ìpaná fún ọkọ̀ ojú omi. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó ti gbé ìgò ńlá kan síwájú mi, lítà mẹ́sàn-án, ó ní èyí ló lágbára jù, ó sì ń fi àkísà nu ún kó lè máa dán. Bàbá gbọ́ ohùn wa láti inú, ó jáde. "Ìyá wa, kí ló máa ń jó níbi tí ẹ fẹ́ gbé e lọ?" Mo ní epo bẹntiróòlù, pẹ̀lú wáyà bátìrì. Ó yíjú sí ọmọ náà: "Gbé ìyẹn padà. Orí omi ni wọ́n ń lọ, ìwọ tún fẹ́ ta omi fún wọn!" Omi ló wà nínú ìgò náà lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára, lẹ́tà A gàdàgbà. A yẹn túmọ̀ sí igi, aṣọ, ìwé.

Ìbéèrè tí bàbá bi mí yẹn ni mo ṣe fún un ní máàkì. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní ìgboro, èló lẹ ní lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Bàbá tò wọ́n kalẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Èyí tó ní ẹnu dúdú gbọọrọ jẹ́ ti gáàsì CO2. Ó dára fún kọ̀ǹpútà àti ẹ́ńjìnnì inú ilé, kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀, ṣùgbọ́n lójú omi gbangba, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ti fóòmù ń pa iná epo dáadáa, ó kàn tóbi jù fún ọkọ̀ tiwa, ó sì wúwo. Ti páúdà, kílò méjì, òun ni ó ní kí n mú. Ó ń pa iná epo, ó ń pa iná wáyà, a sì lè fi ọwọ́ kan gbé e. Kò fi àléébù rẹ̀ pa mọ́ fún mi: páúdà náà á bo gbogbo ara ọkọ̀ àti èèyàn inú rẹ̀, á sì máa jẹ irin, nítorí náà bí iná bá ti kú, kí a tètè fọ ẹ́ńjìnnì.

Lórí lẹ́tà wọ̀nyí, ẹ ṣọ́ra díẹ̀. B ni epo, níbi gbogbo. C ló ń rú èèyàn lójú: lára ìgò tó bá ti Yúróòpù mu, gáàsì ni, lára ti Amẹ́ríkà, iná mọ̀nàmọ́ná ni. Ìgò ibi méjèèjì ló kún ọjà wa. Ẹni tó bá ti wá B, kò ṣìnà.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ṣe ohun tí n kò rí ní ṣọ́ọ̀bù kankan rí. Ó mú mi lọ sí gbàgede tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé abọ́ irin ògbólógbòó kan kalẹ̀, ó da omi díẹ̀ sí i, ó da bẹntiróòlù lé e, ó ní kí n wo bí epo ṣe wà lókè tí omi wà nísàlẹ̀. Ó ṣáná sí i. Iná náà ga jù mí lọ. Ó gbé ìgò kan tí àkókò rẹ̀ ti ń tán lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pa á. Ìyá ológi tó ń kọjá lọ dúró wòran, ẹlẹ́táyà náà jáde.

Ẹ tẹ̀lé e báyìí. Mo yọ píìnì. Bàbá ní kí n yí lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kó máa fẹ́ láti ẹ̀yìn mi lọ sínú iná. Mo na ẹnu rẹ̀ sí òkè ọwọ́ iná, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe, ó sì fi igi gbá a wálẹ̀: "Ìdí rẹ̀! Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fín, ọwọ́ iná kọ́ ló ń jó." Mo tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ, mo ń gbá a lọ gbá a bọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Iná kú. Mo yíjú padà láti rẹ́rìn-ín sí ẹlẹ́táyà, ni iná náà bá tún gbéra lẹ́yìn mi, torí abọ́ ṣì gbóná, epo ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ní ìdí tí òun kò fi sọ fún mi tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé ẹni tó bá rí i fúnra rẹ̀ kì í kẹ̀yìn sí iná mọ́. Mo fín in lẹ́ẹ̀kejì, ìgò sì tán.

Bó ṣe yára tán ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ìgò kílò méjì kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ kò ní àyè láti fi dánra wò lójú omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra méjì dípò ẹyọ kan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún ìdánwò náà.

₦24,000 ni ẹyọ kan, mo ná an, ó yọ ₦3,000 nínú owó méjèèjì. Mo rí i ní ₦17,000 níbòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní iye yẹn kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára, abẹ́rẹ́ gééjì rẹ̀ sì ti wà ní ìlà pupa láti inú páálí. Ẹ má ra ìgò tí kò ní ọjọ́. Amẹ́ríkà fi í ṣe òfin fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti 20 oṣù kẹrin 2022 pé ẹ̀rọ ìpaná tí a kò lè tún kún kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 12 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Òfin tiwa kọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun wọn kò le ju ti Ìlàjẹ lọ.

Bàbá tún sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọwọ́ ẹ̀rọ. Tiwọn onírin ni, ó sì ní kí n má gba onílásítíìkì, pàápàá èyí tó bá tẹ̀lé ọkọ̀ tòkunbọ̀ dé. Mo lọ wádìí rẹ̀ nílé, òtítọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Kidde, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìpaná, pe ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ike tó súnmọ́ mílíọ̀nù 38 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ó lè dí, kó má sì jáde lọ́jọ́ tí iná bá dé. Àwọn kan nínú wọn ti wà nílẹ̀ láti 1973. Ẹ̀yin tí ẹ ra ọkọ̀ kékeré tòkunbọ̀ pẹ̀lú "gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀", ẹ lọ wo ìgò yẹn lónìí.

Mo tún ra aṣọ ìpaná níbẹ̀, ₦9,000. N kò ní parọ́, torí ibi iṣẹ́ mi ni mo ṣe rà á, ọkọ̀ omi kàn bá a pín nínú rẹ̀ ni. Bí agbada bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi aṣọ náà bò ó pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ó dára gan-an.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n fi wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, aláwọ̀ ọsàn, ₦11,000 péré. Ó yẹ kí owó yẹn ti ta èèyàn lólobó. Mo ra ti àgbà mẹ́rin àti ti ọmọdé méjì. Nígbà tí mo yí inú wọn wò nílé, kò sí lébẹ́lì kankan: kò sọ iye kílò ẹni tó lè wọ̀ ọ́, kò sọ iye agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó. Fèrè kò sí. Okùn tó ń gba àárín itan kò sí lára ti ọmọdé, bẹ́ẹ̀ okùn yẹn ni kì í jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì bọ́ gba orí ọmọ kékeré lọ nínú omi. Mo gbé òkúta lé ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀mù omi di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo fà á jáde, ó wúwo. Mo fún un, omi ń ṣàn. Fóòmù láìfù jákẹ́ẹ̀tì gidi kì í mu omi, kànìnkànìn ni tiwọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ wò lára èyí tó dára, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Bó bá jẹ́ ti ìlànà Yúróòpù, ẹ ó rí nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà N, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó. 50N wà fún ẹni tó mọ omi í wẹ̀ tí kò sì jìnnà sí ẹ̀bá. 100N ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti yí ojú èèyàn sókè nínú omi tí kò ní ìgbì púpọ̀, irú odò tó lọ láti Ìgbókọ̀dá. 150N ni ti òkun gbangba. Fún ọmọdé, ìwọ̀n kílò rẹ̀ ni kí ẹ fi rà á, ẹ má wo ọjọ́ orí, ẹ má sì ra èyí tí "á dàgbà bá". Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un tán, ẹ di èjìká rẹ̀ mú kí ẹ fà á sókè. Bó bá bo etí ọmọ, ó tóbi.

Akọ̀wé ní àwọn ọmọ Ìlàjẹ kò nílò jákẹ́ẹ̀tì, inú omi ni wọ́n bí wọn sí. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, èmi ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Odò Àlà ni mo mọ̀, ẹsẹ̀ la sì fi ń là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn." Bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ omi í wẹ̀ pàápàá, bí orí rẹ̀ bá gbá ọkọ̀, kí ni yóò fi wẹ̀? A ṣì rántí Junior Pope, òṣèré tí ọkọ̀ dànù mọ́ ní Ànámbra ní oṣù kẹrin 2024. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ń pariwo rẹ̀ ní gbogbo ẹbúté: ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má rìn lóru. Jákẹ́ẹ̀tì tó sì ń mu omi burú ju kí èèyàn má wọ̀ rárá, torí ó ti fọkàn tán an.

Mo kó gbogbo rẹ̀ padà lọ. Ọmọkùnrin náà ní ọjà tí a bá ti tú kì í padà. Bàbá gba èyí tó tutù lọ́wọ́ mi, òun náà fún un, ó rí omi tó jáde, kò bá mi jiyàn. Ó ka owó mi fún mi pé pérépéré. Mo dúpẹ́, mo sì yìn ín lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà, àwọn jákẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n kọ́ wọn sí. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún omi jáde lára rẹ̀, kí ló tún ń tà á fún? Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo ní fún bàbá, mo sì ti sọ ọ́ sójú rẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ti pa iná fún ìjọba, ẹ kò gbọdọ̀ máa ta ikú fún ọmọ ọlọ́mọ ní ₦11,000. Ó ní òun máa kó wọn wọlé. Ẹ bá mi wò ó bí ẹ bá lọ.

Èkó ni mo ti rí tiwa rà níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi yàn án, 100N, lébẹ́lì pé, fèrè wà lára rẹ̀, ₦32,000 ẹyọ kan. Ó dun àpò mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀, wọ́n tún ń bá èèyàn gbé ẹ̀rọ kọ́, owó ọkọ̀ lẹ máa san lọ́tọ̀. Mo sanwó, ọmọkùnrin náà bá wa lọ sí Ìgbókọ̀dá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò ba fáíbà jẹ́, ó fi sílíkóònù dí ibi tó lu. Àmọ́ ibi tó kọ́ ọ sí ni: ó gbé ìgò méjèèjì sí ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ Yamaha gan-an, ó ní ibẹ̀ ni iná ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, bí iná bá sọ níbẹ̀, ṣé inú iná ni n ó gbà kọjá kí n tó mú ìpaná?" Wọ́n tú u. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn báyìí, èkejì wà níwájú lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá rán sí yín, ẹ dúró tì í.

Láti ọjọ́ náà ni Akọ̀wé ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Òun ló ṣètò bí a ó ṣe máa ṣe bí iná bá dé, ó sì ń mú gbogbo èèyàn sọ ọ́ kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì: pa ẹ́ńjìnnì, yọ họ́ọ̀sì epo, kí gbogbo ọmọ bọ́ síwájú pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kí orí ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, kí iná tó wà ní ìdí lè máa fẹ́ lọ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ìgò méjèèjì bá tán tí iná kò kú, omi yá, ká sì wẹ̀ lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, torí epo tó ń jó lórí omi, apá kejì ló ń gbà lọ. Ìyá ọkọ mi ní òun kò ní bọ́ sínú omi pẹ̀lú gèlè. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n.

Àwọn nǹkan kan wà tí ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀ kì í tà tó sì ṣe pàtàkì ju ìgò pupa lọ, torí àwọn ni kì í jẹ́ kí iná bẹ̀rẹ̀. Họ́ọ̀sì epo wa ti sán, a ra tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èèlò ẹ́ńjìnnì ní Ìgbókọ̀dá. Níbẹ̀ náà la ti rí okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ara, tó máa pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣubú sómi. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí a ń lò tẹ́lẹ̀, èmi ni mo gbà á padà sí ilé ìdáná mi, a sì ra táǹkì epo gidi. Orí ilẹ̀ la ti ń rọ epo sí i báyìí, a kì í rọ ọ́ nínú ọkọ̀ mọ́. Bí a bá gbé e wọlé tán, a ó ṣí pákó ìsàlẹ̀, a ó fi imú gbọ́ ọ. Bí òórùn epo bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bátìrì ti ní ìdérí. Gáàsì mi kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, èédú la fi ń sun ẹja ní Ayétòrò.

Ìgò méjèèjì ti rí òjò àti ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ gééjì ṣì wà ní ìlà àwọ̀ ewé. Ọ̀kan ti ń dípẹtà díẹ̀ níbi píìnì, iyọ̀ ni, Akọ̀wé ń fi àkísà olómi epo nu ún. Lóṣooṣù ni ó ń dojú wọn kọlẹ̀ tó ń gbọ̀n wọ́n, kí páúdà má bàa dì sí ìdí. Bàbá ní ₦8,000 ni òun máa fi tún un kún bí a bá lò ó.

Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Bàbá máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí ẹ sì ní kó kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgò náà sórí rìsíìtì yín. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọkùnrin yẹn nìkan lẹ máa bá, omi ló sì máa tà fún yín.